Ohun Tí Dókítà Sọ fún Télọ̀

Kókó ló hù sínú orí bíríkìlà, ọkọ télọ̀. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ìlà bíríkì tó ń tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Nígbà tí kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó bá télọ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tóóró kan jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù: "Nínú ẹni mẹ́wàá tá a bá ṣe é fún, mà, mẹ́sàn-án á dìde." Ọkàn télọ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó tọwọ́ bọ̀wé.

Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni bíríkìlà kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin gbé ọ̀rọ̀ dé. Dókítà mìíràn ti dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún un pé nínú ẹni mẹ́wàá, ọ̀kan máa ń kú. Ẹ̀rù bà á. Ó ní ká ní wọ́n bi òun ni, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àbúrò òun.

"O mọ̀ pé ó lè kú, o sì fi í lé wọn lọ́wọ́."

"Àǹtí, wọn ò dárúkọ ikú létí mi."

"Ìyàwó, ṣé o ò lè yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú mẹ́wàá ni?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ò wọ ilé náà mọ́ látọjọ́ yẹn.

Télọ̀ padà lọ bá dókítà. Dókítà ní ohun kan náà ni òun àti dókítà kejì sọ. Télọ̀ ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ kò dún bákan náà létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ń jiyàn lórí rédíò. Ọ̀kan ní bí wọ́n bá ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ọkàn èèyàn ṣe ń tẹ̀. Èkejì ní wọ́n ti ń bù mọ́ ọn jù. Ó ní ẹni tí dókítà bá sọ fún pé aláìsàn "á dìde" kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tí dókítà fẹ́ kó ṣe ló gbọ́ nínú rẹ̀. Télọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àmọ́ kò mú ẹrù rẹ̀ fúyẹ́.

Nígbà tí ìyá ṣúmékà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ṣúmékà náà wá.

Télọ̀ ní, "Bi wọ́n pé mélòó ló ń dìde. Kó o tún bi wọ́n pé mélòó ló ń kú. Gbọ́ méjèèjì kó o tó fèsì."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn dókítà pé òun ń lọ rò ó. Bó bá rò ó láàárọ̀, á gbà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kọ̀. Ibi tó ti ń rò ó ni màmá ti kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn nílé.

Ó gbé aṣọ ìsìnkú wá fún télọ̀ láti rán. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ òjò ni.

"Ká ní iye tó ń dìde nìkan ni mo gbọ́, mà, ǹ bá ti fọwọ́ sí i."

Télọ̀ na tépù sí èjìká rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbàgbé iye tó rí, ó tún un wọ̀n.