Òòyì Tí Wọ́n Pè Ní Oyún

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀, nílé àbúrò bàbá mi obìnrin ní Komah, ní Sokodé. Ọmọ Kambolé ni mí, lẹ́bàá ààlà Benin. Bàbá mi, tó ń gbin iṣu, ló fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ìwé girama, ibi tí ọmọbìnrin kankan nílé wa kò tíì dé rí. Tàǹtí ni mo ń pè é. Wọ́n ti pe ìrun àsùbáà. Mo ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní kí n tó dìde, ni àjà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo di ẹní mú bí ẹni tó wà lórí igi tí ìjì ń gbé. Nígbà tó rọlẹ̀, mo sáré jáde, mo bì lẹ́bàá kànga.

Tàǹtí jókòó, ó ń wò mí. Kò bi mí pé kí ló ń ṣe mí.

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?"

Mo sọ fún un. Kò gbà mí gbọ́.

"Tàǹtí, òòyì ló kọ́ mi. Ilé ló ń yí."

"Ilé kì í yí. Ojú ọmọ tó ti mọ ọkùnrin nilé ti ń yí."

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé ìwé tí kì í jó fún olórí orílẹ̀-èdè. Animasiọ́n là ń pè é. Bí èèyàn ńlá kan bá ń bọ̀ ní Sokodé, wọ́n á kó wa kúrò ní kíláàsì lọ sí pápá, a ó máa jó nínú oòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, a ó máa kọrin yin ẹni tí a ò rí rí àfi nínú àwòrán. Orí la fi ń jó ọ̀pọ̀ ijó ọ̀hún: gbójú sókè, yí, tẹ̀ ba, tún gbójú sókè. Mo mọ̀ ọ́n jó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbójú sókè báyìí, pápá á gbé mi, á sọ mí mọ́lẹ̀.

Mo ṣubú lójú gbogbo èèyàn níbi tí a ti ń múra fún àbẹ̀wò kan. Ọkùnrin tó ń darí ijó wá dúró lé mi lórí.

"O ò fẹ́ jó fún Bàbá orílẹ̀-èdè, àbí?"

"Ọ̀gá, òòyì ni."

"Ẹ̀yin ará ẹ̀bá ààlà Benin yìí, a mọ̀ yín."

Ó lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀gá sì ránṣẹ́ pe Tàǹtí. Ẹ̀rù ba Tàǹtí. Nígbà náà, ẹni tí wọ́n bá sọ pé kò fẹ́ jó lè ti ilé ìwé dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ mọ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo gbọ́ bó ṣe ń fi Faransé bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ó lóyún ni."

Ojú ọ̀gá rọ̀. Oyún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba. Wọ́n lé mi bí wọ́n ṣe ń lé gbogbo ọmọ tó bá lóyún, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọkọ̀ gba Tchamba gbé mi padà sí Kambolé. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn ní, "Iṣu mi ni mo fi rán ọ níwèé," ó wọ yàrá lọ. Oṣù ń gorí oṣù, gbogbo ilé ń wo ikùn mi, ikùn mi ò sì yọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò sọ pé àwọn ṣì mí wò. Wọ́n ní mo ti ṣẹ́ ẹ. Wọ́n fi mí fún àgbẹ̀ kan ní Goubi, tó ti níyàwó nílé.

Òòyì bá mi délé ọkọ. Á fi mí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á tún padà. Wọ́n ní àlùjànnú ni, àfáà fi omi fọ ohun tó kọ sórí wàláà fún mi mu. Èmi náà kọ́ bí mo ṣe ń bá a gbé: mi ò kí ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, mi ò kí ń gbójú wo òkè àká, mo sì máa ń jókòó kí n tó dìde dúró.

Mo ti bímọ kí n tó ṣubú lẹ́bàá iná lọ́jọ́ kan. Ọkọ mi fi alùpùpù gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin ni dókítà, Faransé ló ń sọ. Faransé tó kù lórí mi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó láti fi dá a lóhùn.

"Ṣé ìgbà tí ẹ bá yí orí ló máa ń dé?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí orí mi sí ọ̀tún, ó dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi rọ̀ kọjá etí ibùsùn. Yàrá yí, mo ké.

"Ẹ má dijú. Ó máa tó rọlẹ̀."

Ó ń wo ẹyin ojú mi. Nígbà tó rọlẹ̀, ó yí orí mi sí òsì, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí imú mi kọjú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé mi jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn nǹkan wínníwínní kan wà nínú etí lọ́hùn-ún, bí iyanrìn, pé wọ́n ti kúrò láyè wọn, òun sì ti dá wọn padà. Ó ní ó tún lè wáyé. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá dé tí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu mi, kí n tètè máa bọ̀, pé ìyẹn kì í ṣe ti etí.

Mo yí orí sí ọ̀tún. Ilé dúró sójú kan. Mo bú sẹ́kún. Dókítà rò pé ayọ̀ ni.

Bàbá mi ti kú nígbà náà, ó sì mú oyún tí kò sí rárá lọ sí sàréè. Tàǹtí ló kù. Mo lọ bá a ní Komah, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbà pé o kọ̀ láti jó ni? Mo gbà ọ́ là."

"Tàǹtí, òtítọ́ ni mo sọ fún yín."

"Òtítọ́ wo ló ń gba èèyàn là nígbà náà?"

Bóyá òun ló tiẹ̀ jàre. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù. Ó ní kí n dúró jẹun. Mo gbé báàgì mi, mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń dúró.