Àǹtí Kòdùn àti Ìwé Ọ̀gá Àgbà

Àwọn ọmọ tó ń wá sí ilé ìkàwé ló sọ ọ́ ní Àǹtí Kòdùn. Ogún ọdún gbáko ló ti ń tọ́jú yàrá àwọn ọmọdé níbẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń sọ èrò rẹ̀ nípa ìwé ọmọdé àti ti ọ̀dọ́ nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ka ìwé dé ojú ewé kẹwàá tí kò rí nǹkan kan dì mú, á yínmú, á pa á dé: "Kò dùn." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ìwé o. Ìwé tó dára a máa pa á lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà tó rò pé ọmọdé ò gbọ́n ni kò lè fojú ire wò. Wọn á kọ ìtàn ọmọ kan tó gbọ́ràn tó sì di dókítà, àti èkejì tó ya olóríkunkun tí mọ́tò sì gbá. Wọn á ní àwọn kọ̀wé.

"Ìwé wo?" ni Àǹtí máa ń wí. "Pàṣán ni, wọ́n kàn fi bébà dì í."

Ní ọjọ́ kan, olóòtú ìwé ìròyìn náà gbé ìwé tuntun kan wá bá a. Ọ̀gá àgbà iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Fọ́tò ọ̀gá náà gba gbogbo ẹ̀yìn ìwé, ṣùgbọ́n inú ìwé ò ní àwòrán ẹyọ kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra mú eléyìí. Èèyàn ńlá ni wọ́n."

"Ṣé ìwé lo ní kí n kà ni, àbí èèyàn?"

Ó mú un délé, ó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ka ojú ewé mẹ́ta, ó gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ṣé ọmọ inú ìwé yìí kì í tọ̀ ni?"

"Kí ló dé?"

"Àtàárọ̀ ló ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Kò tíì ṣe nǹkan míì."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó kọ ìbéèrè náà bó ṣe gbọ́ ọ sínú àròkọ rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun wá ìdáhùn dé ojú ewé tó kẹ́yìn, òun ò rí i.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ohun tó bá lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni pé ìṣúra iyebíye ni ìwé náà fún gbogbo òbí. Ara rẹ̀ gbóná bí iná ààrò. Ó pe olóòtú.

"Àǹtí, a kàn tún un ṣe díẹ̀ ni."

"Mo gbé ológbò fún ọ, o tẹ ewúrẹ́ jáde, o ní o tún un ṣe díẹ̀? Má fi orúkọ mi sí nǹkan yín mọ́ láé."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da èyí tó kọ́kọ́ kọ kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ dé. Ó dúró, ó kà á tán.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ. Ṣé mi ò mọ ọmọdé ni?"

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, sà."

Inú bí bàbá náà. Ó pe àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ̀ sókè fún wọn. Kò tíì parí ojú ewé kìíní tí ọ̀kan fi yán, ló bá ran ìkejì, ló bá ran ìkẹta. Bàbá pa ìwé dé, ó jáde láì dágbére. Àǹtí ò ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó fi ogójì ọdún pa ọmọ lẹ́nu mọ́, kí ló kù tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn?

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń lẹ èrò tiwọn náà mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òbí ń dúró kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí olóòtú gbọ́, ó sáré wá láti bẹ Àǹtí kó padà, kó sì kó èrò àwọn ọmọ náà dání. Àǹtí ò wo ojú rẹ̀. Ó ní kó lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń dá ìwé padà, torí wọ́n ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Olóòtú tò sẹ́yìn ọmọdébìnrin kan tó ń mu àtàǹpàkò, ó wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àǹtí ń lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìwé àwọn ọmọ lọ.