Lẹ́tà Tí Mo Pè Nítorí Bàbá Mi

Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi ní Enugu, ìwé Yorùbá ni wọ́n sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà. Nítorí náà, wọn kì í fi lẹ́tà kankan sílẹ̀ láìpè. Bí wọ́n bá fẹ́ pe Ọjọ́rú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "Wẹ́dìnẹ́sìdeè" ni, pẹ̀lú "d" tó le bí òkúta. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ lẹ́tà tí kò pè é ń fi tàdáwà ṣòfò. Tíṣà ti kọ́ mi ní "Wẹ́ńsìdeè", ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni mo máa ń fi í sí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ṣe ìdíje ìwé kíkà fáwọn ọmọdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì elẹ́yìn pupa ni ẹ̀bùn. Mo ti wá àyè fún un nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì.

Bàbá mi ni alága. Àwọn ló kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ọjọ́ tí a máa kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wa, wọ́n sì pe "d" náà ketekete. Ìyàwó akọ̀wé ẹgbẹ́ fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò ní pe ìyẹn ní "wọ́n" láéláé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kà ṣáájú mi. Ó pè é bí tíṣà ti ń pè é, ó wá yíjú wo bàbá mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó kàn mí. Nílé tiwa, bí àgbà bá ṣì í, ọmọ kì í tún un ṣe lójú agbo. Mo wo bàbá mi, mo wo ìwé pupa. Mo ní, "Wẹ́dìnẹ́sìdeè," mo sì fi "d" náà lu ògiri.

Ìyàwó akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ọmọ rélùwéè, ṣé kò sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin tiyín kì í dúró ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì dárí jì í. Ọmọ rẹ̀ gba ìwé náà. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìkòkò ọbẹ̀ lórí rẹ̀ nílé wọn.

Lọ́jọ́ ìdíje náà, bí a ti ń kọjá lẹ́yìn ọjà lọ sílé, bàbá mi dúró.

"Báwo ni tíṣà yín ṣe ń pè é?"

"Ẹ má bínú, sà. Wẹ́ńsìdeè ni."

"Kí ló dé tí o ò pè é bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kà á, sà."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Wẹ́ńsìdeè", èmi náà ń pè é tẹ̀ lé wọn, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. "D" náà ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ ọ.