Àwọn Àǹtí Mi àti Àǹtí Ṣárítì

Èmi ni mo ṣi Màmá Rúùtù lọ́nà nígbà tó ń wá orúkọ ìyá Jóṣúà. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbà gbọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré sì ni mí nígbà náà.

Òórùn tábà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àárọ̀ Sátidé kan ni, lásìkò ọlidé gígùn, a dúró lẹ́nu abà àtijọ́ kan ní ìlú Brandywine, níbi tí wọ́n ti ń sá tábà láyé ọjọ́un. Abà náà ti ṣófo tipẹ́, pákó ẹ̀ ti dúdú, síbẹ̀ òórùn yẹn ò kúrò níbẹ̀. Ó dùn díẹ̀, ó tún ń ta sí imú, bí ìgbà téèyàn bá ṣí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Màmá Rúùtù fà á símú, ó ní, "Òógùn Jóṣúà nìyẹn."

Jóṣúà ni bàbá àgbà ìyá ẹ̀. Nínú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà síbi tá a dúró sí yẹn, kí òmìnira tó dé. Tábà ló gbìn títí ó fi kú. Màmá Rúùtù mọ orúkọ ìyàwó ẹ̀, ó mọ tàwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò mọ ìyá tó bí i. Ọdọọdún ni ẹbí wọn máa ń pé jọ nígbà ooru, wọ́n á gbé àwòrán igi ìdílé kan, tí wọ́n to orúkọ gbogbo ẹbí sí, kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Lókè orúkọ Jóṣúà, òfìfo ni. Òfìfo yẹn ń dun ún gan-an. "Ẹnì kan ṣáà bí i," ló máa ń wí. "Kò já látojú ọ̀run."

Aládùúgbò wa ni ní Cheverly. Láti Ìbàdàn lèmi àti màmá mi ti wá sílùú òyìnbó, tí màmá mi bá sì lọ síbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Sátidé, ọ̀dọ̀ Màmá Rúùtù ni mo máa ń wà. Nígbà kan, mo pè é ní Rúùtù lásán, bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é. Màmá mi gbọ́. "Rúùtù wo? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" Bó ṣe di Màmá Rúùtù nìyẹn, inú òun náà sì dùn sí i.

Ìbátan ẹ̀ kan, Bàbá Élì, ló mú wa lọ síbi abà yẹn. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, etí ẹ̀ kan ti di. Nígbà tá a padà délé ẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ní, "Àǹtí Ṣárítì ló tọ́ Jóṣúà. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ yẹn." Kí Màmá Rúùtù tó béèrè ẹni tí Ṣárítì jẹ́ gan-an, oorun ti gbé bàbá lọ. Lóísì, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ní ká jọ̀ọ́, ká má jí i.

Nínú ọkọ̀, Màmá Rúùtù ń rò ó. "Láyé ẹrú, gbogbo obìnrin dúdú tó bá ti dàgbà ni wọ́n ń pè ní àǹtí. Ó lè má bá Jóṣúà tan rárá."

Mo nàró lórí ìjókòó ẹ̀yìn. "Kò bá a tan, mà! Èmi náà ní àǹtí rẹpẹtẹ, kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ẹbí wa! Àǹtí tó ń dirun ní Lanham, Àǹtí Akọrin, Àǹtí Bísí tó máa ń ra bàtà fún mi..."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Ọmọ yìí ti la ọ̀rọ̀ náà yé mi!" Ó ra áísìkirimù fún mi. Bó ṣe gbàgbé Ṣárítì nìyẹn, tó wá ń wá ìyá Jóṣúà láàárín àwọn ẹrú tó ń jẹ́ orúkọ olóko tó ni wọ́n.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo ròyìn ọgbọ́n mi fún màmá mi. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bísí wo? Bísí tó ń ra bàtà? Yéè! Àbúrò mi ni, ìwọ ọmọ yìí! Ìyá kan náà, bàbá kan náà!"

"Àǹtí Bísí lẹ̀yin náà ń pè é."

"Nítorí tìẹ kọ́? Kó o má baà máa pe orúkọ ẹ̀ lásán!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ló bá fóònù Àǹtí Bísí kóun náà wá gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí. Mò ń gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń pariwo: "Kó bọ́ bàtà mi sílẹ̀!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: ẹni tí wọ́n ń pè ní àǹtí lè máà bá èèyàn tan, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìyá ìyá ẹni. Ó yẹ kí n sáré sọdá lọ sọ fún Màmá Rúùtù. N ò lọ. Mo ti di ọlọ́gbọ́n lójú ẹ̀, ó sì wù mí kó máa rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù ọdún yẹn, Bàbá Élì kú.

Mo ti dàgbà báyìí. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ bá mi lára mu, ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà. Èmi ni mo gbé Màmá Rúùtù lọ síbi ìpàdé ẹbí wọn tó kọjá, torí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó tún ń dárò òfìfo tó wà lókè igi náà. Lóísì jókòó níwájú wa, ó ń fọ́ akàn jẹ. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá Jóṣúà kẹ̀? Rákélì ni. Òun àti Ṣárítì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bàbá mi ò yéé sọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò bi mí."

Wọ́n kọ Rákélì síbẹ̀ gàdàgbà, kí ojú Màmá lè ká a. Ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó ń pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìtàn ọmọ Nàìjíríà tó ní àǹtí rẹpẹtẹ fún wọn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ẹ má dá a lẹ́bi o," ó ní. "Ohun tó mọ̀ ló sọ."

Bá a ṣe ń padà sílé, mo ní, "Màmá."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín."

Mo máa ń rò pé mo ti dàgbà ju ọmọ tó dákẹ́ nídìí oúnjẹ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òun ló di sítíárìn ọkọ̀ mú. Mo jẹ Màmá Rúùtù ní òótọ́ kan, pé látalẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ṣì í lọ́nà, nígbà tí Bàbá Élì ṣì wà láyé tá a lè bi í. N ò tíì sọ ọ́ fún un.