Ọjọ́ Tí Mo Pa Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa Rẹ́

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń pàdé wa lórí àtẹ̀gùn kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló wà nísàlẹ̀ ilé náà. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgàndó ni mí nígbà náà. Ọ̀gá wa obìnrin kì í fi àṣìṣe olùkọ́ kankan sílẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ilé-ìwé, ìwọ náà sì mọ̀ pé ìwé yẹn ni àwọn alábẹ̀wò máa ń kà kí wọ́n tó gbé ènìyàn ga. Ọdún náà gan-an ni ìgbéga kàn mí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun wá sí ilé-ìwé wa, nítorí ti àtijọ́ ń wọ́ bí ìgbín. Mo ṣèlérí fún ọ̀gá pé láti kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni n ó ti darí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn sí tuntun, kí wọ́n lè fi orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ránṣẹ́ fún ìdánwò kí aago mẹ́fà tó lù. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gba ọ̀nà àtijọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti Ẹ̀gbẹ́dá. Mo tẹ "ip route" sójú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, àwọn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà náà ń tọ̀ jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì tò síwájú mi. Mo da ti àtijọ́ kọ sínú ìwé mi, mo sì pa á rẹ́, kí n lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Mo tẹ̀, mo tún tẹ̀. Kò dá mi lóhùn.

Olùkọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ náà, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, orí afárá tí ẹ gé náà lẹ dúró sí o! Ṣé ẹ ti ní kó fi àyípadà yẹn pamọ́?"

"Rárá, n kò tíì dé ibẹ̀."

"Ẹ dúpẹ́ jàre. Kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún pa kọ̀ǹpútà náà, kó tún un tàn. Ohun tí ẹ kò ní kó fi pamọ́, kò ní rántí rẹ̀ bó bá jí."

Ọ̀gá nìkan ló wà lọ́hùn-ún. Mo lè sọ pé iná ló fà á. Ta ni yóò mọ̀?

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, kí lẹ tún fọwọ́ kàn?" ni ọ̀gá fi gbé fóònù nígbà tí mo pè wọ́n.

"Èmi ni mo ṣì í ṣe, mà. Mo pa ọ̀nà rẹ̀ rẹ́."

Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n ṣe bí mo ti wí, ọ̀nà àtijọ́ sì padà bí ẹni pé n kò débẹ̀ rí. Ibẹ̀ náà ni orúkọ àwọn ọmọ gbà lọ, bó ti ń wọ́ tó. Ọjọ́ kejì ni mo tó fọwọ́ kan ti tuntun, níwájú kọ̀ǹpútà gan-an.

Láàárọ̀ yẹn, ọ̀gá ṣí ìwé ńlá náà síwájú mi. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀ fún ọjọ́ àná: orúkọ kíláàsì kẹfà ti lọ kí àkókò tó pé.

"Àbí ẹ fẹ́ fi nǹkan kún un, tíṣà?"

"Rárá, mà."

"Ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ."

Títí dòní, mo ṣì ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú bírò láti kọ àṣìṣe ọmọ kan, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sọ òtítọ́ fún mi, mo máa ń dé bírò mi padà.