Oògùn Ọmọ Tí Mo Rì Sínú Yìnyín

Ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí, tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní kí n rọra sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ọmọ mi ọkùnrin. Mo ní kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ará òkè ni, iṣẹ́ tíṣà ló gbé e wá sí ẹsẹ̀ omi níbí. Bó bá ń rìn lórí afárá pákó wa, á ká aṣọ sókè bí ẹni pé ẹ̀gbin la tẹ́ sílẹ̀ dè é.

Ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ràn. Ìye ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń pe ìyá. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń gbẹ. Bàbá rẹ̀ wà lójú òkun. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì lọ sí ilé ìwòsàn lókè. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni yóò máa gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì, pé bí kò bá gbà á, yóò kú.

Nígbà tí wọ́n dé, ó fi ìka méjì na ìgò kékeré kan sí mi.

"Màmá, ibi tútù ni kí ẹ bá mi fi sí. Inú kúlà ẹja yín."

"Tútù báwo?"

"Tútù náà ni, Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja, ṣé èmi ni mo máa kọ́ yín ní tútù?"

Ó dáa. Mo ti ń ta ẹja kí wọ́n tó bí i. Bí mo ṣe ń ṣe òbọ̀kún tó ń lọ sọ́jà ni mo ṣe oògùn náà. Mo fọ́ yìnyín, mo da iyọ̀ sí i kí òtútù rẹ̀ lè mú dáadáa, mo rì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi àpò bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oògùn náà ti dì gbagidi. Ẹ̀rù bà mí. Ǹ bá bi í léèrè, àmọ́ mo ronú kan ẹnu rẹ̀. Mo gbé ìgò náà sí oòrùn, ó yọ́, ó padà di omi, mo gbé e fún un. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ méjì ló fi ń gún ọmọ ní omi yẹn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti ń kan, ó ń mí gúlegúle. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé ó ń lọ sókè.

Ìyá rẹ̀ kọjú sí mi: "Pupuru ẹ̀gẹ́ yẹn lẹ fún un!"

"Ta ló fún un ní pupuru? Abẹ́rẹ́ ni o ò mọ̀ ọ́n gún! Ọwọ́ ṣọ́ọ̀kì ni tìrẹ, kì í ṣe ọwọ́ nọ́ọ̀sì."

"Ẹ fẹ́ fi oúnjẹ pa ọmọ mi!"

"Ìwọ lo fẹ́ fi ìgbéraga pa á."

Àwọn aládùúgbò ti jáde sórí pákó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà tán. Kó tó parí, ọmọ á ti relé ọkọ." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ tún gbé ìgò yẹn, ó ní òun máa fi kún oògùn náà. Mo rí i tí abẹ́rẹ́ wọnú ìgò. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ìye, òùngbẹ." Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, obìnrin yìí á máa fi gún mi lójú títí mo fi máa kú. Mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mi ò bá sọ ọ́.

"Má gún un! Ó ti dì nínú yìnyín mi. Èmi ni mo yọ́ ọ sóòrùn."

Ó dúró. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o gbé e fún mi."

"Ẹ sì ń wò mí?"

"Mo ń wò ọ́."

"Ẹ kúrò lọ́nà."

Ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó sáré lọ sí èbúté. Kò pè mí, mo wọ ọkọ̀ náà. Níwájú dókítà, ó yọ ẹnu sí mi: "Ìyá yìí ló sọ oògùn di òkúta." Dókítà ní oògùn tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà bó bá padà di omi, ká dà á nù ni. Ó ní ìkòkò amọ̀ àti iyanrìn tí a wọ́n omi sí ti tó níbi tí kò sí iná. Ó wá bi ìyá ọmọ pé, "Ṣé ẹ sọ fún màmá pé kò gbọ́dọ̀ dì? A kọ ọ́ sínú ìwé tí a fún yín." Tíṣà wo ilẹ̀. Inú mi dùn. Ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fa omi sí i lára, inú mi dùn. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dá ọmọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó fa oògùn jáde látinú ìkòkò, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, á ní, "Màmá, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan?" Á ká mi lára dé eegun. Síbẹ̀ mo ń dá a lóhùn. Lánàá mo sọ fún un pé mo fọwọ́ kàn án, iyanrìn rẹ̀ ti gbẹ, mo wọ́n omi sí i. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó yẹ ìgò náà wò lójú ìmọ́lẹ̀, kò dúpẹ́. Ó gún ọmọ, ọmọ jẹun, ó lọ sílé ìwé.