Àmín tó ròkè jù

Mo rántí ìgbà tí gbogbo abúlé wa ń pè mí ní Mánéjà, nígbà tí ohun tí mò ń bójú tó kò ju ewúrẹ́ méjì lọ, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti sọnù. Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ni mo ṣe, ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni mo fẹ́ lọ kà. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é ni mo ti kọ oko lílọ. Mo ní ọwọ́ tí yóò máa buwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó kò gbọdọ̀ yi. Bàbá mi, tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Adégbayì, kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, Mánéjà. Ẹ̀yin lẹ ni ọ́fíìsì, àwa la ni oko."

Èsì dé. Igba ó lé ogójì ni wọ́n ń béèrè nínú irinwó. Àádọ́jọ ó lé ọ̀kan ni mo gbà. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn wò, bóyá ìyókù wà níbẹ̀. Kí n tó délé, irọ́ ti pé lẹ́nu mi: mo ní ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé èsì gbogbo àwa tá a jọ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan, nítorí pé àwọn kan jíwèé wò. Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ ẹní mi, mo rò pé ó parí.

N ò rántí pé ìyá mi kì í gbọ́ ìṣòro kí wọ́n má dín mọ́sà sí i. Wọ́n dín mọ́sà, wọ́n fi ṣe sàráà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, lèmọ́mù gbọ́wọ́ sókè pé kí Ọlọ́run tú èsì Mánéjà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ ní kí inú máa run ẹni tó bá di èsì náà mú. Abẹ́ ẹní mi ló wà! Inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í run lóòótọ́. Nínú gbogbo mọ́ṣáláṣí, Àmín bàbá mi ló ròkè jù.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, lèmọ́mù ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn àgbà mẹ́ta yóò tẹ̀ lé mi lọ bẹ ìjọba. N ò sùn. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bàbá mi pè mí sídìí ìwọ̀n, wọ́n gbé àpò kòkó kan kọ́.

"Kà á."

"Kíló méjìlélọ́gọ́ta ni."

Wọ́n fa ìwé mi yọ nínú àpò bùbá wọn. "Ka eléyìí náà."

Ojú ìwọ̀n ni mo ṣì tẹjú mọ́.

"Ẹ jẹ́ n bá yín kà á, Mánéjà. Àádọ́jọ ó lé ọ̀kan. Ọ̀kan tó lé yẹn, ṣé ènì ni wọ́n fi ṣe fún yín?"

Bàbá mi kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ka iye lójú ìwọ̀n kí wọ́n tó bí mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi ọ̀mọ̀wé fi iye pamọ́ fún.

"Láti ìgbà wo lẹ ti rí i?"

"Ìyá rẹ ò tíì dín mọ́sà àkọ́kọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń ṣàmín?"

"Mò ń retí kó sú ọ kó tó sú Ọlọ́run." Wọ́n sọ àpò náà kalẹ̀. "Kòkó tútù tó o bá dì sápò, inú àpò ló ti máa bu. Lọ tú u síta, kó gbẹ. Ẹnu rẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dìde láàárín mọ́ṣáláṣí, mo sọ ọ́. Lèmọ́mù wò mí títí, wọ́n ní, "Mọ́sà tá a ti jẹ, a ò lè pọ̀ ọ́." Láti ẹ̀yìn ni ìyá àgbà yẹn ti sáré ní, "Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tèmi ọjọ́sí o!"

Mo padà sóko. Lọ́dún kejì, mo tún ìdánwò ṣe, mo wọlé, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fún mi kọ́. Bàbá mi ti dolóògbé. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama báyìí, èmi tí n kò rí i kà. Kò sí ọdún tí ọ̀kan nínú wọn kì í sá wá bá mi: "Sà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé èsì mi. Ẹ bá mi gbàdúà." N kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Màá wo ojú rẹ̀ dáadáa, màá sì fi gbogbo ohùn mi pariwo pé, "Àmín!"